Ilẹ̀ Tó Rẹlẹ̀ Tí Ìwé Pè Ní Òkè

Memunat Láwàl kò lọ sí yunifásítì rí. Pólì ló lọ, ní Ọ̀wọ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n fún ọdún méjì, ó sì padà sí Ìkàrẹ́ tí wọ́n bí i sí. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, ti Ọ̀gbẹ́ni Zachariah Ọlálẹ́yẹ, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àgbà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta páànù àti ìṣó nísàlẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni Ọlálẹ́yẹ, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, àtọ̀gbẹ sì ti ń bá a fínra ní ẹsẹ̀. Òun ló kọ́ Memunat ní ohun tí Pólì kò kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń bá onílẹ̀ méjì tó ń jà sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀nà omi mọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé ẹni tó bá fi awò wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ pé òun ti parí.

"Tí o kò bá padà síbẹ̀," ló máa ń wí, "ìtàn lo kọ, kì í ṣe ìwọ̀n."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, iṣẹ́ kan wọlé tí irú rẹ̀ kò wọ ọ́fíìsì náà rí. Yunifásítì kan ní Màléṣíà fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Àkókó, kí àwọn ọmọ ìhín lè gba ìwé ẹ̀rí òkèèrè láì kúrò nílé. Ìdílé mẹ́ta ti yọ̀ǹda ilẹ̀ láàárín Ọ̀kà àti Ìkun. Àwọn ayàwòrán-ilé tó máa ya gbogbo ọgbà náà wà lọ́hùn-ún, kòrónà kò sì jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo ohun tí wọ́n máa mọ̀ nípa ilẹ̀ náà, ọ́fíìsì Ọlálẹ́yẹ ni yóò sọ ọ́ fún wọn.

Olórí àwọn ayàwòrán-ilé ọ̀hún ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pe Memunat lórí fóònù, tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ọkùnrin náà ti ya ọgbà yunifásítì sí ilẹ̀ mẹ́rin tí kì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó sọ fún Memunat pé méjì nínú wọn ṣì ń dun òun, torí pé ilé wọn dára, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó síbi tí òun ṣe fún wọn. Nítorí náà ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá? Níbo ni èèyàn ń sá oòrùn sí ní aago méjì ọ̀sán? Tí wọ́n bá pe ìrun, báwo ni ibi àlùwàlá ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó? Memunat á dáhùn, Tan á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà kan ó fi àwòrán ránṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sábẹ́ àwọn igi kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Memunat ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí níhìn-ín, kò sì ní ibòòji. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tan ti fi máńgòrò àti dóńgóyárò rọ́pò wọn.

Inú Memunat dùn débi pé ó fi èyí han Àsíátù, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ku ọdún kan kó jáde girama. Ọmọ náà wo àwòrán títí.

"Ibẹ̀ ni mo máa lọ," ló wí.

Oṣù ààwẹ̀ ni wọ́n wọn apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Memunat gbààwẹ̀, Jimoh, ọkùnrin ará Arigidi tó ń bá a gbé ọ̀pá onínọ́ńbà, gbààwẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. A ó gbé awò lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, a ó máa fi wo ọ̀pá níbi tí wọ́n bá gbé e dúró sí, a ó sì máa kọ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá gbé awò kúrò níbì kan, a gbọ́dọ̀ kọ gíga tuntun tó dúró sí kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà, bí Memunat ṣe gbé awò rẹ̀ sọdá ẹ̀yìn àwọn dóńgóyárò kan ni òjò ṣú láti òkè Ọ̀kà. Igbó ibẹ̀ dí, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń ga ni tàbí ó ń rẹlẹ̀. Ó yára. Ó ka ọ̀pá nígbà mọ́kànlélógún kí òjò tó dé, ó fi ọ̀rá bo ìwé, wọ́n sì sá lọ. Kò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún Ọlálẹ́yẹ lórí fóònù pé ó ku kí àwọn padà síbi tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti pa iṣẹ́ náà dé.

"Ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún," ni Ọlálẹ́yẹ wí. "Iṣẹ́ rẹ kì í ṣì, Memuna. Fi ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́.

Ní òpin oṣù kẹfà, àwòrán tó parí dé. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ọlálẹ́yẹ fi ní kí wọ́n tẹ ọ̀kan jáde, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, tó gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, torí pé nínú ìwé, ibẹ̀ ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, atẹ́gùn á lè máa fẹ́ sí wọn. Ilé ìkàwé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ tẹ òǹtẹ̀ lé píláàn ilẹ̀ tó bá a lọ. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ni katapílà yóò wọ oko.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù keje ni Memunat lọ fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn igi tí Tan ní kí wọ́n má gé. Lẹ́bàá ilẹ̀ náà ni Màmá Elizabeth, àgbẹ̀ kan ní Ìkun tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ti ń ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Memunat kí i, ó sì fi àwòrán inú fóònù hàn án, torí ó rò pé yóò wù ú.

Màmá Elizabeth gba fóònù, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀ kó lè rí i. "Ilé tó gùn yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin á máa sùn, Màmá. Ẹ̀yìn àwọn dóńgóyárò yẹn."

"Ẹ̀yìn dóńgóyárò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá náà dá fóònù padà fún un. "Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, èmi kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni omi òkè Ọ̀kà ń gbà. Ó gbé àgùntàn mi méjì lọ lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí ọmọ mi."

"Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ga, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Memunat wo ẹ̀yìn àwọn dóńgóyárò náà. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kadà ló gùn padà sí Ìkàrẹ́. Ó gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó sì fa ìwé ìwọ̀n oṣù ààwẹ̀ jáde nínú àpótí. Òjò ti jẹ́ kí ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra, ó fi èékánná là wọ́n. Ìlà tó yẹ kí gíga tuntun wà ṣófo. Gíga àtijọ́ ló ti fi ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó kà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣe é lórí bébà, ó tún un ṣe, èsì kò yí padà. Ìwé ti gbé ibi mọ́kànlélógún sókè ní mítà kan àtààbọ̀, ibi tó tẹ̀ wọnú sì ti di òkè lójú àwọn tó wà ní Màléṣíà. Ó ti ìwé náà bọ àpò rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀, Tan pè.

"Ṣé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé níbẹ̀?" ni ó béèrè.

"Ó ń lọ déédéé," ni Memunat wí, ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Láti ọjọ́ yẹn, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta sórí páànù, yóò dìde kúrò níbi tó wà, yóò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà á wá béèrè píláàn wọn, yóò mú ti ẹlòmíì fún wọn. Ó ń ro ti Ọlálẹ́yẹ, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ó ń ro ilé ẹjọ́. Ó ń ro àwọn ìdílé mẹ́ta tó yọ̀ǹda ilẹ̀, tí àwọn òyìnbó Éṣíà wọ̀nyí bá bínú kúrò ńkọ́? Lẹ́yìn náà yóò ro ti ọ̀ọ́dúnrún ọmọbìnrin, ojú Àsíátù yóò sì wá sí i lọ́kàn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó mú Jimoh lọ sóko láìsọ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ibí la wọ̀n lóṣù ààwẹ̀?" ni Jimoh béèrè.

"Ibí ni. Mo fẹ́ tún un wò ni."

Jimoh gbé ọ̀pá dúró. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan ó sọ nǹkan lábẹ́ ètè ní èdè Arigidi, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó sì rìn wá. "Ẹ jókòó díẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti ní kí n gbé ọ̀pá padà síbì kan náà."

Memunat jókòó sórí kùkùté. Nígbà tó dìde, ó wọ̀n ọ́n dé ìparí, ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń gbàdúrà pé kí ìwé àkọ́kọ́ tọ̀nà, kó jẹ́ pé ìbẹ̀rù lásán ni. Kò tọ̀nà. Màmá Elizabeth ló tọ̀nà.

Lọ́jọ́ yẹn ló sọ fún ọkọ rẹ̀, Rájí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Arigidi. Ẹ̀yìn ìrun àsárì ni, Rájí ń to àwọn ìwé tó fẹ́ máàkì. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Ṣé wọ́n lè mú ẹ?" ni ohun àkọ́kọ́ tó béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹnì kan mọ̀?"

"Jimoh ti fura."

Rájí gbé bírò lé tábìlì. "Jẹ́ kí Iléyá kọjá ná," ló wí. "Ìyá mi ń bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún ṣọdún."

Memunat mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà. Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé, Tan tún bi í léèrè, ó sì tún parọ́. Lọ́jọ́ Iléyá, kí wọ́n tó kírun ní yídì, ìró Allahu Akbar gba gbogbo pápá, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbọ́ ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé àbúrò òun ti ríṣẹ́ aṣọ́nà sí yunifásítì tuntun, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni katapílà máa wọlé. Wọ́n pín ẹran fún un nílé. Ó gbé e síwájú Àsíátù.

Ọjọ́ kejì Iléyá ló lọ sí Ọ̀kà. Ọlálẹ́yẹ wà ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí. Memunat kúnlẹ̀, ó gbé ẹran ọdún kalẹ̀, ó sì ṣí ìwé ìwọ̀n sí ojú ewé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ wo ibí."

Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ara rẹ̀ kò ta gìrì bí Memunat ṣe rò.

"Nígbà tí àwòrán yẹn dé," ló wí nígbẹ̀yìn, "mo wò ó, mo ní ibẹ̀ kọ́ ni mo mọ̀ sí òkè nígbà ọmọdé mi. Mo sọ fún ara mi pé ojú ti di àgbà."

"Ẹ ti mọ̀, sà?"

"Mi ò mọ̀. Mo fura, mo sì tẹ òǹtẹ̀." Ó yọ awò ojú. "Gbọ́, Memuna. Agbaṣẹ́ṣe máa rí i pé ibẹ̀ rẹlẹ̀ tó bá débẹ̀. Á da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ á parí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé yẹ̀pẹ̀ kì í dá omi dúró, sà."

"Mo kọ́ ọ." Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fẹ̀yìntì. Ṣé ohun tí wọ́n á máa rántí mi sí nìyí? Máa lọ sílé. Mo ní kí o máa lọ sílé."

Ó kó ìwé rẹ̀, ó dìde. Láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá Àkùngbá. Ẹni tó sọ ọ́ di èèyàn ló ní kó dákẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó ta bàbá rẹ̀ ni wọ́n á pè é. Tí kò bá sọ̀rọ̀, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí katapílà wọlé.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì nígbà tí Tan pè ní aago mẹ́wàá. Ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àga òkúta tó fẹ́ fi sábẹ́ máńgòrò.

"Ọ̀gbẹ́ni Tan," ni Memunat wí, "ẹ dúró ná. Ìwọ̀n apá ìwọ̀-oòrùn tí mo fi ránṣẹ́ kò tọ̀nà. Ibi tí ẹ ya ibùgbé àwọn obìnrin sí, ọ̀nà omi ni. Èmi ni mo ṣì í."

Tan fa àwòrán rẹ̀ súnmọ́ra, ó sì fi ìka wá apá ìwọ̀-oòrùn.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Mo bi yín léèrè lẹ́ẹ̀mejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo parọ́ fún yín."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

Ìbéèrè tó ń bẹ̀rù nìyẹn. Orúkọ wà lórí píláàn, kò sí bó ṣe lè fi pamọ́. Ó dárúkọ Ọlálẹ́yẹ, ó sì fi kún un pé ìwé òun ni bàbá náà gbára lé. Kò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ní pálọ̀.

"Ẹ fi ìwọ̀n tuntun ránṣẹ́ sí mi báyìí," ni Tan wí. "Lẹ́yìn náà mo máa pe àwọn ọ̀gá mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ẹ̀yin, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí èmi."

Katapílà kò wọ oko ní ọjọ́ Ajé. Yunifásítì náà gba àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mìíràn láti Àkúrẹ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì Ọlálẹ́yẹ pátápátá. Ìwé ẹ̀sùn dé bá Ọlálẹ́yẹ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Kò pe Memunat ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. "Mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wá," ló wí lórí fóònù. Memunat mú un lọ sí Ọ̀kà, ó bá ilẹ̀kùn pálọ̀ ní títì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó bàbá náà lọ́wọ́ ní àgbàlá.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ìkàrẹ́. Àwọn kan ní ó ṣe dáadáa. Àwọn tó pọ̀ ní èèyàn tó bá tú àṣírí ọ̀gá tó tọ́ ọ dàgbà, kò sí ẹni tí kò lè tà. Rájí kò bá a wí, ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Ohun tó ń dẹ́rù ba Memunat jù ní àkókò yẹn ni pé kí oṣù kẹsàn-án dé, kí omi má wá. Tí omi kò bá wá, òmùgọ̀ lásán ni òun.

Omi wá. Lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì, Màmá Elizabeth pè é lórí fóònù, ó ní kó wá wò ó. Memunat bá omi pupa tó gba ẹ̀yìn dóńgóyárò kọjá, ó fẹ̀ tó títì, ó mu àgbàlagbà dé ìbàdí, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Ó fi fóònù yà á, ó fi ránṣẹ́ sí Tan láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ìgbà tó yíjú padà ló rí ọkọ̀ Ọlálẹ́yẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá náà wà nínú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún un, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

Memunat rìn lọ, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

Ọlálẹ́yẹ ń wo omi. "Ilé ìkàwé náà ì bá lọ," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní kí dẹ́rẹ́bà máa wà á lọ.

Tan tún ọgbà náà yà. Ó sún ibùgbé àwọn obìnrin sí ìlà-oòrùn, ó fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi, ó sì gbé afárá ìrìnsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Memunat lẹ́ẹ̀kan, ó ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì ní ọ́fíìsì òun, ṣùgbọ́n àwòrán tuntun ni wọ́n ń lò. Ilé méjì péré ni wọ́n parí kí owó tó fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀ka náà ní ìparí ọdún 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé kò pé ọgọ́rùn-ún. Àsíátù kò sí lára wọn. Owó ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ju agbára ìyá rẹ̀ lọ, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Àkùngbá ló lọ.

Memunat gba yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà Arigidi, ó ń wọn ilẹ̀ ilé fún àwọn tó bá gbà á. Iṣẹ́ kò pọ̀. Ní ọdún kejì tó gba yàrá náà, ìyàwó Ọlálẹ́yẹ pè é: bàbá fẹ́ pín oko rẹ̀ fún àwọn ọmọ kó tó kú, ó sì ní Memuna ni kó wá wọ̀n ọ́n.

Ó lọ pẹ̀lú Jimoh. Wọ́n gbé àga sábẹ́ igi fún Ọlálẹ́yẹ, níbi tó ti lè rí odò tó gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí mọ́. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló jókòó síbẹ̀, tó ń wò wọ́n. Nígbà tí Memunat gbé awò kúrò nílẹ̀, ó pè é.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, sà."

"Mú un wá."

Ó gbé ìwé fún un. Ọkùnrin náà fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan, ojú ewé kejì, Memunat sì dúró níwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó parí, ó pa ìwé dé, ó sì dá a padà fún un.

"Lọ́jọ́ òjò yẹn, mo ní kí o fi ránṣẹ́," ló wí. "Lónìí, tún apá odò wò. Ilẹ̀ kò tíì ṣú."

Memunat gbé awò rẹ̀, ó sì pe Jimoh.